Wọ́n Fi Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Pamọ́ fún Ràúdátù

Ràúdátù agbẹ̀bí kú ní Sakété lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, lórí ẹní tó tẹ́ sí abẹ́ igi máńgòrò ilé rẹ̀. Kò pariwo. Sàdíyà ọmọ rẹ̀ rò pé oorun ló gbé e lọ, ó sì fi ìborùn bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí eṣinṣin má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó fi máa padà wá jí i pé kó wá jẹun, ìyá ti lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Èrò tó tẹ̀lé e lọ sí itẹ́ òkú dí ojú títì pa, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti Onigbolo sì paná ọkọ̀ wọn, wọ́n dúró. Púpọ̀ nínú èrò náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí nígbà tí wọ́n wá sáyé. Èmi náà wà lára wọn.

Nígbà tí ẹkún rọ̀ díẹ̀, Sàdíyà lọ sí búrò tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí a bí àti àwọn tó kú, kó lọ gba ìwé ikú ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ṣẹ́fù Pacôme, fa ìwé kan yọ, ó ṣí kálàmù rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé:

"Kí ni orúkọ ìyá olóògbé? Níbo ni wọ́n ti bí ìyá náà?"

Sàdíyà wò ó. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa òun kí omijé tó dé.

"Ṣẹ́fù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìyá mi ń wá bi yín láti ọdún mélòó sẹ́yìn nìyẹn."

Ṣẹ́fù kò wo ojú rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbi tó yẹ kí orúkọ ìyá wà, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì nà án sí i. Ohun tó kọ ni: "A kò mọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kò mọ̀? Ṣé Ràúdátù ni, ẹni tó jẹ bàtà tán lójú ọ̀nà búrò yẹn? Àbí ọkùnrin tí àwọn ìwé orúkọ àtijọ́ wà ní yàrá ẹ̀yìn rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀hún ń dún wooro-wooro ní ìgbànú rẹ̀ bó bá ti ń rìn?

Mi ò ní dárúkọ búrò náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ wa pé orúkọ jẹ́ ohun àṣírí, pé ẹni tó bá ń wá orúkọ kiri, ìlú ló fẹ́ dàrú. Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Orúkọ Ṣẹ́fù nìkan ni mo dá, nítorí òun nìkan ni wọ́n kọ tirẹ̀ sára ilẹ̀kùn pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ní gbogbo ilé yẹn, tí orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wà nínú rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo tí ará ìlú lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Kí n sọ ẹni tí Ràúdátù jẹ́ fún yín, níwọ̀n ìgbà tí ìwé ikú rẹ̀ kò sọ ọ́.

Obìnrin kúkúrú ni, tó máa ń rìn bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é níwájú. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tí wọ́n fi ní kó lọ sinmi, ilé ìgbẹ̀bí kan lẹ́bàá Sakété ló ti ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, tó ti ké, tí ìyá ti mu omi gbígbóná, Ràúdátù á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wá bàbá ọmọ rí, á sì ní: "Ẹ kú oríire o. Bàtà yín dà? Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ lọ kọ ọmọ yìí sílẹ̀ kí ayọ̀ tó gbé yín dé ìdí ọtí." Bí bàbá bá ní ó di ọ̀la, á jókòó tì í. Ìtìjú á gbé ọkùnrin náà dìde.

Ṣùáíbù tó ń ta ilẹ̀kẹ̀ àti tùràrí ní Sakété sọ èyí fún mi létí sàréè Ràúdátù. Ìyàwó kékeré Ṣùáíbù ló bímọ lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ìyálé kò sì bí rí. Ṣùáíbù wá rò pé kí òun kọ orúkọ ìyálé sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ, kí ọkàn obìnrin náà lè balẹ̀. Ràúdátù gbọ́, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ilé mi ni. Àwa la ó jọ tọ́ ọmọ náà."

"Ìyálé yín lè tọ́ ọ, kó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọbí lánàá ni kí ẹ kọ. Ọmọ yìí á dàgbà, á sì béèrè."

Ṣùáíbù kọ òótọ́. Ọmọ náà ti di olùkọ́ báyìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, òun ló bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwọn ará ilé.

Kí ló dé tí Ràúdátù fi ń di ọwọ́ ọkùnrin ọlọ́kùnrin mú lórí ọ̀rọ̀ orúkọ? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni. Ìyá tó bí i wá láti ọ̀nà Pobè, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Sakété, ó bí Ràúdátù, ó sì kú kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn. Nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí lórúkọ. "Ará Pobè" ni wọ́n ń pè é. Ará Pobè, wá bu omi. Ará Pobè, ọmọ rẹ ń ké. Nígbà tó kú, ohun tí wọ́n sì fi sin ín náà nìyẹn. Nígbà tí Ràúdátù fẹ́ wọ ilé ìwé, tí bàbá rẹ̀ lọ ṣe ìwé fún un, orúkọ ìyálé ló fi síbẹ̀ bí ìyá.

"Mi ò bá a jà," bẹ́ẹ̀ ló sọ fún mi nígbà kan tí a jọ jókòó. "Ìyá tó tọ́ mi kò fi mí ṣeré. Ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ ló máa ń mú fún mi. Àmọ́ obìnrin méjì ló ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kan ni wọ́n kọ."

Nígbà tó fi máa mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè, bàbá ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ti kú, ìyálé náà ti lọ. Kò sẹ́ni tó rántí. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé ilé ìwòsàn kékeré ìgbà àwọn Faransé ni ìyá òun bí òun sí, àti pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà kì í jẹ́ kí aboyún wọlé láìkọ orúkọ rẹ̀ àti ti abúlé rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà ti wó. Àwọn ìwé rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí búrò tí mi ò dárúkọ rẹ̀.

Ẹ lè ní, kí ni arúgbó ń fi orúkọ òkú ṣe? Mo bi í bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní bí òun bá kírun tán, òun máa ń ṣe àdúà fún gbogbo òkú ilé lórúkọ lórúkọ. Bó bá wá kan ìyá tó bí òun, òun á ní, "Ọlọ́run, àti ẹni yẹn náà, Ìwọ mọ̀ ọ́n." Ó ní ojú máa ń ti òun. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ọmọ bá ń nawọ́ sí ìyá rẹ̀ láàárín ọjà, tó sì ń pè é ní "ìwọ obìnrin yẹn."

Bí ó ṣe di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí búrò nìyẹn. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, nítorí ó gbà pé ilé ìjọba ni òun ń lọ. Ó ti rán ọ̀pọ̀ bàbá lọ síbẹ̀ rí. Ó rò pé wọ́n á mọ òun.

Sàdíyà tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ló sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ.

"Màmá, àwọn ìwé àtijọ́ yẹn, a kì í ṣí wọn fún èèyàn," ni Ṣẹ́fù wí. "Àṣírí àwọn tó wà nínú wọn la ń ṣọ́."

"Àwọn tó wà nínú wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n ti kú tipẹ́."

"Ta wá ni wọ́n sọ fún pé àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn mọ orúkọ àwọn?"

"Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin náà hàn mí, èmi àti ọmọ mi á kà á."

Ṣẹ́fù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òfin náà kì í ṣe ohun tí a ń fi han gbogbo èèyàn."

Ẹ gbọ́ o. Ìwé jẹ́ àṣírí, òfin tó sọ ọ́ di àṣírí náà tún jẹ́ àṣírí. Bí ẹ bá ta kú béèrè, bóyá ẹ ó gbọ́ pé Ṣẹ́fù fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣírí, pé kì í ṣe òun lẹ rí lórí àga.

Ràúdátù kì í ṣe ẹni tó ń tètè dìde. Ó tún jókòó dáadáa.

"Kò sí ẹni tó lè rí i rárá ni?"

"Ọmọ ẹni tó wà nínú ìwé lè rí i. Kó ṣáà mú ẹ̀rí wá pé ọmọ rẹ̀ lòun."

"Ó dára. Ẹ̀rí bíi kí ni?"

"Ìwé ìbí yín, tí orúkọ ìyá yín wà nínú rẹ̀."

"Orúkọ ìyá mi ni mo wá wá níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ mú un wá, a ó jẹ́ kí ẹ wá a."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kà á. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí létí olùkọ́ ìṣirò kan ní Pobè. Ó bi mí bóyá ọmọdé ló sọ ọ́. Mo ní rárá, àgbàlagbà ni, ó wọ kóòtù, ó sì ní òǹtẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwíjàre ò tán. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ìsinmi, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ló ń dún ní ìgbànú Ṣẹ́fù. Òjò ń rọ̀, ìwé ò gbọdọ̀ rí omi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àjà yàrá náà ń jò sórí ìwé ọ̀hún láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń bọ̀ tó máa gbé gbogbo rẹ̀ mì, pé kí Màmá fara balẹ̀. Ẹ̀rọ dé lóòótọ́. A gé rìbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò, ẹnì kan sọ̀rọ̀ gígùn nípa ayé òde òní. Mo lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Abọ́ oúnjẹ ọ̀sán Ṣẹ́fù ló wà lórí rẹ̀, ó sì bá a mu gan-an, nítorí gíga rẹ̀ tó tábìlì.

Ọ̀rọ̀ àkàrà ló wá kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ràúdátù ra àkàrà lọ́wọ́ Arlette, obìnrin tó máa ń dín in nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà wa, àwọn tí à ń pè ní zẹ́mì, ti ń dúró de èrò. Ó jókòó, ó ṣí i, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn. Ìwé àtijọ́ ni, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n fi tádàwà kọ dáadáa. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, abúlé. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, abúlé. Epo ti mu àwọn ìyá kan tán. Arlette ní ọwọ́ àwọn tó ń ta bébà àlòkù lọ́jà lòun ti rà á ní òkìtì. Àwọn yẹn ní nígbà tí wọ́n palẹ̀ yàrá kan mọ́ ní búrò ni wọ́n ti kó o jáde.

Ràúdátù kò lè jẹ àkàrà náà mọ́. Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu epo kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tó ń nu ojú ọmọ tuntun. Kò sí orúkọ ẹni tó mọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òun àti Sàdíyà gun zẹ́mì, ó gbé e lọ fún Ṣẹ́fù, ó rò pé wọ́n á dúpẹ́.

"Níbo lẹ ti rí ìwé ìjọba yìí?" Ṣẹ́fù ti dìde.

"Nínú àkàrà."

"Màmá, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ará ìlú máa ka irú ìwé yìí láìgba àṣẹ!"

"Mo kúkú gbé e padà wá fún yín ni. Bí ẹ bá máa mú mi, ṣé ẹ ó mú Arlette náà?"

Ṣẹ́fù Pacôme ronú sí i. Ó sì fèsì, tòótọ́-tòótọ́, níṣojú Sàdíyà àti obìnrin tó ń gbálẹ̀:

"Arlette kò kà á."

Mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn fún ìgbà pípẹ́. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ohun ìní gbogbo ìlú níbí, mi ò rí irú èyí rí. Ẹ fi pọ́n àkàrà, kò sí ẹjọ́. Ẹ fi nu ọwọ́, kò sí ẹjọ́. Kí ikán jẹ ẹ́, kí òjò fọ̀ ọ́, kí ewúrẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé wá fi panu, gbogbo ìyẹn wà lábẹ́ òfin. Ọ̀ràn ni kí ọmọ kà á.

Lẹ́yìn náà, orúnkún Ràúdátù bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè gun zẹ́mì mọ́. Sàdíyà ló ń lọ fún un. Bó bá ti ń padà bọ̀, ìyá rẹ̀ á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kì í bi í léèrè. Ojú Sàdíyà ló máa ń wò, á sì yíjú, á ní, "Wá jẹun." Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ní kí n bá òun sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ ìdajì orúkọ ni wọ́n lè fún òun, òun á gbà á. Ìdajì orúkọ. Obìnrin tó gbà wá sáyé, tó ní kí wọ́n kọ gbogbo wa sílẹ̀ ní pípé, ló ń tọrọ ìdajì.

Nígbà tó kú, búrò fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Wọ́n pè é ní "arábìnrin wa ọ̀wọ́n Ràfíátù."

Èmi wá lọ ka ìkéde ikú rẹ̀ lórí rédíò kan ní Pobè. Mo sọ iṣẹ́ tó ṣe. Mo sọ pé ọmọ obìnrin kan ni, tí ilé ọkọ rẹ̀ ní Sakété ń pè ní Ará Pobè, tó fẹ́ oníṣòwò aṣọ, tó kú ní kékeré, tí ọmọ rẹ̀ wá orúkọ rẹ̀ títí dé ojú ikú. Mi ò retí nǹkan kan. Inú ló ń bí mi tí mo fi sọ ọ́.

Tẹlifóònù mi dún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Flavienne ni, àgbẹ̀ ní Issaba, lọ́nà Pobè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Láti ìgbà tí Bàbá wa ti gbọ́ yín ní rédíò ni wọn ò ti fẹnu kan oúnjẹ. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn lẹ ń sọ."

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n dé sílé Sàdíyà. Zẹ́mì ló gbé wọn, arúgbó wà láàárín, Flavienne dì í mú lẹ́yìn. Innocent ni orúkọ bàbá náà, Kátólíìkì ni, ó so àgbélébùú mọ́ ọrùn láàárín àwọn ààfáà, kò sì sẹ́ni tó rò ó wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fún un lómi. Kò mu ún. Ó ń wo Sàdíyà. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn, ó sì fi ìka kan etí rẹ̀, ibi tí etí náà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìsí ààyè.

"Etí Ọmọ́báyọ̀ nìyí," ló wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fún ọ ní etí Ọmọ́báyọ̀?"

Arúgbó náà bọ́ fìlà. Ó fi etí tirẹ̀ hàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe dé ilé náà. Ọmọ́báyọ̀. Ọmọ ọdún mélòó kan ni Innocent nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n sí lọ sóko. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò aṣọ kan ń wá ná ọjà ní agbègbè wọn, ọmọbìnrin náà sì tẹ̀lé e. Bàbá wọn bínú, òrìṣà ilé làwọn ń sìn nígbà náà, kò fẹ́ ilé ìmàle. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀lé e lọ. Ìròyìn ikú rẹ̀ dé lẹ́yìn náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan pé ó fi ọmọ obìnrin sílẹ̀. Nígbà tí bàbá yẹn náà fi máa kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá lómìnira láti lọ wá a, kò sẹ́ni tó mọ ilé tó jẹ́ mọ́. Oníṣòwò aṣọ ní Sakété kò lóǹkà.

"Ṣé ẹ ò wá a ni?" Sàdíyà béèrè. Kì í ṣe ìbínú ló fi béèrè.

Flavienne ló dáhùn. "A wá a. Mo gbé Bàbá lọ sí búrò fúnra mi. Mo ní kí wọ́n bá wa wo ìwé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ọmọ́báyọ̀, láti Issaba, kí wọ́n sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún wa. Ọ̀gá náà ní àṣírí ni. Ó ní ọmọ ẹni tó wà nínú ìwé nìkan ló lè béèrè."

"Ọ̀gá wo?"

"Èyí tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ìgbànú rẹ̀."

Ààfáà tó ń ka tẹ̀sùbáà dá ọwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Lọ́dún kan náà, obìnrin kan ń lọ sí búrò kan láti Sakété, ó ń béèrè pé, "Ta ni ìyá mi?" Arúgbó kan ń lọ síbẹ̀ láti Issaba, ó ń béèrè pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dà?" Etí kan náà ni ìbéèrè méjèèjì wọ. Ìdáhùn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà, bóyá lórí ojú ìwé kan náà. Ohun tí Ṣẹ́fù Pacôme ní láti ṣe kò ju kó dìde lórí àga. Kò dìde. Ó ń ṣọ́ ìdílé yìí lọ́wọ́ ìdílé yìí.

Mo lọ bá a. Ó gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀, ó pàṣẹ kí wọ́n fún mi lómi tútù.

"Ọ̀gá akọ̀ròyìn, ẹ ò mọ ohun tí a ń dènà," ló wí. "Bí a bá ṣí àwọn ìwé yìí, ilé á tú. Àwọn ọmọ á rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí."

"Bíi kí ni?"

"Bíi ẹni tí ìyá wọn jẹ́."

Mo ní kó ṣe àtúnṣe ìwé ikú Ràúdátù nígbà yẹn, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ìyá rẹ̀ ti jáde, tí àbúrò ìyá náà sì wà láàyè láti jẹ́rìí. Ó fi ọwọ́ pa kóòtù rẹ̀.

"A lè gbé e yẹ̀ wò. Kí bàbá náà ṣáà mú ìwé wá tó fi hàn pé olóògbé mọ̀ ọ́n rí."

Mo mu omi tútù náà tán. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè rí gbà níbẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí wọ́n tú ìwé àwọn tó wà láàyè sójú títì. Ọmọbìnrin tó bímọ lánàá ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀, ẹni tí wọ́n gbà tọ́ náà ní tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí aládùúgbò mi lọ máa ka ọjọ́ orí mi. Àwọn ìwé tí mò ń sọ, gbogbo ẹni tó wà nínú wọn ti di erùpẹ̀ tàbí ó ti ń súnmọ́ ọn, àwọn tó sì ń béèrè wọn kì í ṣe amí. Wọ́n jẹ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìbátan ni òun àti ọkọ òun. Wọ́n jẹ́ ará Towé tí ààlà ilẹ̀ Nàìjíríà gba àárín ìdílé rẹ̀ kọjá. Wọ́n jẹ́ ìyá tí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ń pa ọmọ rẹ̀, tí dókítà sì bi í pé, "Ta ló ní i nínú ẹbí yín?" Bí àlejò bá ti òkè òkun dé tó ń wá orísun rẹ̀, a máa ń tẹ́ ẹní fún un, a máa ń jó, àwọn ọ̀gá á wọ agbádá, wọ́n á ní káàbọ̀ sílé. Ràúdátù ti Sakété ń wá orísun tirẹ̀ lọ sí Pobè, ìrìn zẹ́mì lásán, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n tẹ́ fún un. Bóyá ó yẹ kó ti kọ́kọ́ wọ bàlúù lọ sókè òkun, kó tó padà wá béèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fi Ṣẹ́fù Pacôme sórí àga yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Òun kò ṣe ju ohun tí ẹ jẹ́ kó ṣe lọ. Ẹ sọ fún wa ta ló ta àwọn ìwé ìlú fún àwọn oníbébà, ojú ìwé mélòó ló sì lọ. Ẹ tún àjà yẹn kàn. Ẹ yan ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wọlé, kó jókòó, kó ka ìwé àwọn tó ti kú tipẹ́, kí òṣìṣẹ́ kan dúró tì í, kó sì gba ẹ̀dà bó bá fẹ́. Bí ẹ bá ní rárá fún ẹnì kan, ẹ kọ "rárá" náà sílẹ̀, kí ẹ kọ òfin tó gbè é lẹ́sẹ̀, kí ẹni tó sọ ọ́ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú, kí a lè mọ ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn jáde nínú páálí. Kí ẹ sì pa irọ́ tó wà lórí ìwé ikú Ràúdátù rẹ́.

Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó máa dáhùn. Mi ò fẹ́ ìgbìmọ̀, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn.

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, Bàbá Innocent ní kí Flavienne tún gbé òun lọ sí búrò. Mo bá wọn lọ. Kò mọ̀wé. Ó ní kí wọ́n ṣáà ṣí i, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà fi ìka òun lé orí ibi tí wọ́n kọ Ọmọ́báyọ̀ sí, òun á sì padà sílé, òun ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kó padà wá. Ó bi wọ́n ọjọ́ wo. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ.

Nínú gbogbo ẹni tó fojú rí Ọmọ́báyọ̀ láyé, òun nìkan ló kù. Ọ̀nà láti Issaba burú, èémí rẹ̀ sì ń já bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mì. Ó ṣì ń mí lónìí. Ẹ dá a lóhùn.